Ìbọn Tòkúnbọ̀ àti Ẹ̀rí Irin

Ẹni tí ó bá fẹ́ ní ìbọn ogun àtijọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, tí kò fẹ́ fi jagun tí kò sì fẹ́ fi dọdẹ, àmọ́ tí ó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kí ó sì máa yìn ín sí àmì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìbéèrè méjì láti dáhùn, èkejì ni ó sì wúwo jù. Èkíní ni pé èwo ni kí ó yàn nínú oríṣiríṣi tí ó wà. Èkejì ni pé ǹjẹ́ ó tọ́ kí ohun tí a rọ láti gba ẹ̀mí di ohun ọ̀ṣọ́ àti ohun eré lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ẹni tí ó ti ipa rẹ̀ kú. Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, níbi tí irú ìkójọ yìí ti gbilẹ̀, ìbéèrè èkíní ni àwọn ìwé sábà máa ń dáhùn, iye owó, bí ọta ṣe wọ́pọ̀ tó àti bí inú ọ̀pá ìbọn ṣe mọ́ tó ni wọ́n sì fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní Òkìtìpupa àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, níbi tí àgbàlagbà ṣì lè fi irin búra kí ẹjọ́ sì parí, kò ṣeé ṣe láti dáhùn èkíní láìkọ́kọ́ dáhùn èkejì, nítorí pé ẹni tí ń fi irin búra ti gbà pé irin ń gbọ́, ó sì ń rí.

Orúkọ tí ó bá irú ìbọn bẹ́ẹ̀ mu jù lọ lédè Yorùbá ni tòkúnbọ̀, ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ọkọ̀ àti fíríìjì tí àwọn ará òkè òkun ti lò kí wọ́n tó kó o dé Nàìjíríà. Ìjọba kan a ra ìbọn fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ bá ṣe irú mìíràn tí ó yára jù ú lọ, a kó ti àtijọ́ jáde kúrò nínú ilé ìpamọ́, a sì tà á fún àwọn oníṣòwò ní owó pọ́ọ́kú. Lára irú èyí tí àwọn akójọ ń wá lónìí ni Lee-Enfield ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mosin-Nagant tí Rọ́ṣíà gbà fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní ọdún 1891, Mauser tí Jámánì gbà ní ọdún 1898, àti M1 Garand tí Amẹ́ríkà gbà ní ọdún 1936. Ráífù ni gbogbo wọn, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a gé ìlà yíyípo sínú ọ̀pá wọn kí ọta lè máa pòyì bí ó ti ń jáde, kí ó sì lọ tààrà sí ibi jíjìn, yàtọ̀ sí ṣakabùlà àwọn ọdẹ, tí inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán gbinrin, tí a sì ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta.

Àwọn kan lè rò pé àlejò ni ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ Yorùbá, pé eré àwọn ọlọ́rọ̀ òkè òkun lásán ni. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1866, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn kan tí wọ́n ń pè ní Snider, tí a fi orúkọ Jacob Snider, ará Amẹ́ríkà tí ó gbèrò rẹ̀, sọ. Ìbọn Enfield àtijọ́ tí a ń ti ẹnu kì ni wọ́n gé ìdí ọ̀pá rẹ̀, tí wọ́n sì fi ìdérí kan síbẹ̀ tí ó ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́, kí ọmọ ogun lè máa ti ẹ̀yìn ki ọta sí i. Ẹni tí ó ń lo ti àtijọ́ lè yìn ín ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin ìṣẹ́jú kan bí ọwọ́ rẹ̀ bá yá. Ẹni tí ó gbé Snider dání lè yìn ín tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá, láìdìde dúró kí ó tó kì í. Kò pẹ́ tí òmíràn fi dé, Martini-Henry, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà ní ọdún 1871, Snider sì di àlòkù. Àlòkù yìí ni ó gba orí omi dé Èkó, tí ó sì wọ inú ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ lẹ́yìn ọdún 1877.

Ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ kan ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ń dí ọ̀nà tiwọn, Gómìnà Glover ti Èkó wá ọ̀nà mìíràn sí ìhà ìlà-oòrùn, èyí tí wọ́n là ní nǹkan bí ọdún 1872: ọkọ̀ ojú omi a gba orí ọ̀sà lọ sí Àtìjẹ́rẹ́, ẹrù a gba agbègbè Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ kọjá, a sì gorí ilẹ̀ lọ sí Òde Oǹdó, títí dé Iléṣà àti ilẹ̀ Èkìtì. Iyọ̀ àti aṣọ gba ibẹ̀, epo pupa sì gba ibẹ̀ padà. Nígbà tí ogun le, ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó gbà fi ìbọn àti ọta ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn lójú ogun, lábẹ́ Ògèdèǹgbé ti Iléṣà àti Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí. Ìbàdàn, tí ọmọ ogun rẹ̀ pọ̀ jù tí ìrírí rẹ̀ sì ju ti ẹnikẹ́ni lọ, rí i lójijì pé iye ènìyàn kò tó mọ́. Ìró àwọn ìbọn náà láàrin òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Àdéhùn àlàáfíà wáyé ní ọdún 1886, ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun sì tó tú ká ní ibùdó wọn pátápátá.

A níláti dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀, nítorí pé ó yí ojú tí a fi ń wo ìbọn tòkúnbọ̀ padà. Snider tí a bá rí lónìí, tí ó ti ìpàtẹ oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù jáde, lè jẹ́ èyí tí kò kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Ó sì lè jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a jọ rọ ní ọjọ́ kan náà ni ó gba ẹ̀bá odò Olúwa kọjá lórí alárù, tí ó sì ta ọmọ Ìbàdàn kan lulẹ̀ ní Ìgbájọ tàbí tí ó gba ọmọ Èkìtì kan là lọ́wọ́ ẹrú. Ogun tí àwọn kan jà kí a má baà kó wọn lẹ́rú mọ́ ni Kírìjì, ìbọn náà sì ṣe iṣẹ́ rere àti iṣẹ́ ibi nínú rẹ̀ láàrin wákàtí kan náà, nítorí pé kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

Kí àwọn ọmọ ogun Kírìjì tó tú ká ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jókòó ní Brussels, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1890, èyí tí ó ka kíkó ráífù àti ìbọn tí a ń ti ẹ̀yìn kì wọ agbedeméjì Áfíríkà léèwọ̀, ṣùgbọ́n tí ó fàyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta-iná tí inú rẹ̀ ń dán, pẹ̀lú ẹ̀tù lásán. Wọ́n sọ pé nítorí òwò ẹrú ni; ó sì jẹ́ òtítọ́ pé òfin náà rọ àwọn tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́rùn gan-an. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ṣakabùlà fi wà lọ́wọ́ ọdẹ Ìkálẹ̀ títí dòní, nígbà tí ayé ti fi í sílẹ̀ lọ, àwọn alágbẹ̀dẹ ìbílẹ̀ sì ń rọ ọ́ lọ láti ìran dé ìran. Àwọn kan lára àwọn ṣakabùlà tí ó pẹ́ jù jẹ́ ìbọn ológun fúnra wọn, tí a kọ ọ̀rọ̀ TOWER sí ara wọn, èyí tí í ṣe àmì ilé ìpamọ́ ohun ìjà ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn mìíràn wá láti Birmingham tàbí láti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Nítorí náà, ìbọn ogun àlòkù ti wà lórí àjà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé òun ń kó o jọ.

Ìbéèrè tí ó kù ni ti ẹ̀bi. Ǹjẹ́ irin tí ó pa ènìyàn jẹ̀bi? Àwọn ará Áténì àtijọ́ gbà pé ó lè jẹ̀bi: ilé ẹjọ́ kan wà lọ́dọ̀ wọn tí ń gbọ́ ẹjọ́ òkúta, igi tàbí irin tí ó pa ènìyàn, bí ó bá sì jẹ̀bi, wọ́n a gbé e sọ sẹ́yìn ààlà ìlú. Ìwé Ẹ́kísódù pàṣẹ pé kí a sọ màlúù tí ó kan ènìyàn pa lókùúta, kí a má sì jẹ ẹran rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di ọdún 1846, òfin wà pé ohun tí ó bá fa ikú ènìyàn, ì báà jẹ́ kẹ̀kẹ́, ẹṣin tàbí ìkòkò, di ti ọba tàbí kí olówó rẹ̀ san iye rẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn, tí owó náà sì fẹ́ wọ àwọn ilé iṣẹ́ lọ́rùn, ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. Èrò tí ó borí láyé òde òní wà ní òdìkejì gbogbo èyí: pé ohun èlò kò ní ọkàn, kò mọ nǹkan kan, ẹni tí ó lò ó nìkan ni ó ni ẹ̀bi àti ìyìn.

Èrò àwọn baba Yorùbá kò sí nínú méjèèjì. Irin kì í ṣe ọ̀daràn, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe òkú nǹkan, ẹlẹ́rìí ni. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé irin fún ẹni tí ó fẹ́ búra kí ó fi kan ètè rẹ̀, àní nínú ilé ẹjọ́ òde òní, níbi tí ẹni tí kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí ti lè fi Ògún búra: ohun tí a ń sọ ni pé irin wà níbẹ̀, pé ó ń gbọ́, pé yóò sì rántí. Ẹlẹ́rìí kò ṣe ohun tí ó rí, ṣùgbọ́n kò lè bọ́ nínú rẹ̀. Ìtàn Ògún ní Ìrè-Èkìtì fìdí èyí múlẹ̀ ní ọ̀nà tí ó bani lẹ́rù. Ògún ti ojú ogun dé, ó bá àwọn ènìyàn níbi àpèjọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti sọ̀rọ̀, ó gbé agbè ẹmu ó bá a lófìfo, ó rò pé wọ́n fi òun ṣẹ̀sín, ó sì fa idà yọ sí àwọn ènìyàn ara rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó kédàárò, ó sì wọlẹ̀ lọ. Ìtàn náà kò dá idà lẹ́bi. Ẹni tí kò béèrè ni ó dá lẹ́bi, ẹni tí ó gbé irin sókè kí ó tó mọ ibi tí ó wà àti ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀.

Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, ẹni tí ó ra ìbọn ogun àtijọ́ ti mú ẹlẹ́rìí wọlé, ojúṣe ẹni tí ó gba ẹlẹ́rìí sílé sì ti wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ní àpẹẹrẹ tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ nínú Ayélála, òrìṣà tí ń tú àṣírí ìkà tí a ṣe níkọ̀kọ̀. Ìtàn rẹ̀ ni pé ìjà ńlá wà láàrin àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ̀ nítorí ọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ tí ó sì sá, pé nígbà tí wọ́n fẹ́ parí ìjà, wọ́n fi obìnrin ẹrú kan tí kò mọwọ́ tí kò mọsẹ̀ rúbọ dípò ẹlẹ́ṣẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ tí ó sọ gbẹ̀yìn, tí ó fi kẹ́dùn sí ayé tí ó kọjá òye, ni ó di orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ dá májẹ̀mú. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ni ni pé àlàáfíà tí a ń jẹ ní owó tí ẹnìkan san, ẹni tí ó san án sì lè jẹ́ ẹni tí kò jẹ gbèsè kankan, nítorí náà a kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ìbọn àtijọ́ wà lára ìwé gbèsè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi kọ́ ògiri láìmọ ìtàn rẹ̀ ti gbé ìwé gbèsè kọ́ bí àwòrán.

Àtakò kan wà tí ó ní láárí. Àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì, tí wọ́n ti fìdí múlẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, mọ ìran tí ó wà nínú ìwé wòlíì Àìsáyà nípa idà tí a ó rọ di irinṣẹ́ oko, wọ́n sì lè sọ pé ibi kan ṣoṣo tí ó yẹ ìbọn ogun ni ilé arọ́, kí alágbẹ̀dẹ yọ́ ọ kí ó fi rọ ọkọ́. Èrò yìí ní ọlá, kò sì sí Yorùbá tí yóò kọ̀ ọ́ tọkàntọkàn, nítorí pé alágbẹ̀dẹ kan náà tí ó rọ idà ni ó rọ ọkọ́, Ògún kan náà ni ó sì ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí a yọ́ kò lè jẹ́rìí mọ́. Bí gbogbo ìbọn Kírìjì bá di ọkọ́, ọmọ tí a bá bí lọ́la yóò gbọ́ orúkọ ogun náà bí ìró lásán. Àròkọ yìí gbà pé ó dára kí a yọ́ èyí tí ó pọ̀, kí a sì pa díẹ̀ mọ́, kí díẹ̀ náà sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ohun tí ó gbà.

Ti yíyìn rẹ̀ ni ó le jù. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ìró ìbọn kì í ṣe ariwo, ọ̀rọ̀ ni. Ó ń sọ pé ọdẹ àgbà ti papòdà, tàbí pé ọba ń bọ̀, tàbí pé ọdún ti dé. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ní ìgbà tí kò yẹ yóò dúró, yóò sì béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Yíyin ìbọn láìní ohun tí a fẹ́ sọ dà bí ẹni tí ń lu ìlù àgbà ní òru láìsí òkú láìsí ayẹyẹ. Síbẹ̀, kò tọ́ kí a sọ pé gbogbo ẹni tí ń yìnbọn sí àmì jẹ̀bi, nítorí pé ẹni tí kò gbọ́ ohùn ohun kan rí kò mọ̀ ọ́n tán. Bí ìdí ìbọn ṣe ń ta èjìká, ìwúwo rẹ̀ ní apá, èéfín rẹ̀ ní imú, jẹ́ apá kan ẹ̀rí tí ìwé kò lè sọ. Ẹni tí ó yin Lee-Enfield ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá ní ibi tí òfin yà sọ́tọ̀ fún un yóò mọ nǹkan kan nípa ọmọ Nàìjíríà tí ó gbé irú rẹ̀ rìn nínú igbó Bọ́mà láàrin ọdún 1943 sí 1945, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìyàtọ̀ wà nínú ọkàn ẹni tí ń yìn ín: ẹnìkan ń bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè, ẹnìkejì ń fi ẹlẹ́rìí ṣeré.

Òfin pàápàá mọ ìyàtọ̀ láàrin títọ́jú àti yíyìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìbọn ti ọdún 1968 gba ènìyàn láàyè láti ní ìbọn ìgbàanì láìgba ìwé àṣẹ bí ó bá jẹ́ fún ọ̀ṣọ́ tàbí ohun ìwòran, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ yìn ín, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ní Amẹ́ríkà, ìbọn tí a ṣe ní ọdún 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ ni òfin ìjọba àpapọ̀ kà sí ohun ìgbàanì, èyí tí ó sì ti pé àádọ́ta ọdún lè wọ ìsọ̀rí tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn akójọ. Nàìjíríà le ju méjèèjì lọ. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 pín ohun ìjà sí ọ̀nà mẹ́ta: ráífù ológun wà lára àwọn tí a kà léèwọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ, ìbọn ọdẹ ìgbàlódé béèrè ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, ṣakabùlà wà ní ìsọ̀rí kẹta, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí àwọn ajínigbé ti sọ ìbọn di àrùn, òfin yìí tọ́, ìfẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò sì tó ìdí láti yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, a lè wá dáhùn ìbéèrè èkíní. Ọmọ Ìkálẹ̀ tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí òfin ibẹ̀ sì gbà á láàyè, kò ní ìdí láti fi Mosin-Nagant bẹ̀rẹ̀ nítorí iye owó rẹ̀ nìkan. Lee-Enfield tàbí Snider ni ó kàn án, nítorí pé ohun tí àwọn méjèèjì rí kan ìdílé rẹ̀. Kí ó wo nọ́ńbà tí ó wà lára ìbọn àti lára ìdérí rẹ̀ bóyá wọ́n bára mu, kí ó yẹra fún èyí tí a ti fi ayùn ha àmì rẹ̀ kúrò tàbí tí a ti fi ọ̀dà tuntun bo àpá rẹ̀, nítorí pé ẹlẹ́rìí tí a ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà kò wúlò. Kí ó jẹ́ kí onímọ̀ wọn àlàfo tí ó wà láàrin ìdérí àti ìdí ọta kí ó tó yìn ín rárá. Bí ó bá sì lo ọta ológun àtijọ́, tí iyọ̀ inú rẹ̀ ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, kí ó fi omi gbígbóná fọ inú ọ̀pá ní ọjọ́ kan náà, kí ó sì fi epo pa á, kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́.

Àwọn ìbọn ogun abẹ́lé Nàìjíríà yàtọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, ogun náà dé Ọ̀rẹ̀, tí kò jìnnà sí Òkìtìpupa, àwọn tí wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ sì ṣì wà láàyè. Kò tíì yẹ kí irin tí ó jẹ́rìí sí ìyẹn di ọ̀ṣọ́ nínú ilé ẹnikẹ́ni, ní ìhà méjèèjì. Ibi tí ó yẹ wọ́n ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tí ìjọba ṣí ní Umuahia ní ọdún 1985.

Ẹni tí ó sì ń gbé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ fúnra rẹ̀ kò níláti wá ìbọn rà. Ìbọn àkọ́kọ́ tí ó yẹ ẹ́ lè ti wà lórí àjà bàbá rẹ̀ àgbà, kí àwọn tí ń ra irin àlòkù kiri tó wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n wọn. Kí ó gbé e sọ̀kalẹ̀, kí ó rí i dájú pé kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀, kí ó má sì yìn ín, nítorí pé ọ̀pá tí ó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ mọ́ ọn lójú. Kí ó gba ìwé àṣẹ tí òfin béèrè, kí ó kọ àmì ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì lọ jókòó ti ẹni tí ó dàgbà jù nínú ẹbí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé e wọlé.